Ẹyẹ Tó Rán Ewé Igi Tí Mo Ti Tà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ wá kó igi, mo ti ka igi mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ogún ni. Ogún igi furúùtù, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ jẹ. Gbogbo wọn ga dé èjìká mi, gbogbo wọn dúró ṣánṣán nínú náílọ́ọ̀nù dúdú wọn. Dírẹ́bà ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. A ti gbé mẹ́rìnlá sókè. Bí mo ṣe fọwọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e, nǹkan kan já jáde láàárín ewé, ó gbá mi nímú, ó wọ inú igbó ẹ̀yìn wa lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ.

Mo mọ ohùn yẹn dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ewé ìsàlẹ̀ sókè, mo sì rí ohun tí mi ò fẹ́ rí: ewé méjì tútù yọ̀yọ̀ tí wọ́n fi òwú aláǹtakùn rán etí wọn pọ̀ mọ́ra bí àpò, ẹyin mẹ́ta sì wà nínú àpò náà.

Mo ní, "Olúwa, kì í ṣe lónìí. Ọjọ́ mìíràn, àmọ́ kì í ṣe lónìí."

Dírẹ́bà ní, "Bàbá, kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

Mo ní, "Ì bá jẹ́ ejò, ì bá sàn. Ejò ṣe é pa."

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ẹyẹ tí mò ń sọ, tí kò sì mọ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, á rò pé orí mi ló dàrú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ fáktọ́rì ni mo bá wá sí Èkó láti ìhà Ìjẹ̀bú. Nígbà tí fáktọ́rì kógbá sílé, mo ti lé ní ogójì ọdún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba irú mi síṣẹ́ mọ́. Bàbá Sàlámì ló gbà mí. Bàbá yìí ń ta òdòdó àti igi gbígbìn lẹ́bàá títì ní Ìkòsí, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí igbó kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀ títí dé etí odò. Ọjọ́ kìíní, wọ́n fún mi ní ṣọ́bìrì, wọ́n ní kí n po ilẹ̀. Mo rò pé pípo ni pípo. Àṣé ilẹ̀ dúdú la máa fi yanrìn sí, a ó wá da tòmátò àti ata tó ti jẹrà láti ọjà Máìlì Twelve sórí rẹ̀, a ó sì fi sílẹ̀ kó gbóná, kó sì tutù, kí igi tó lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, kò jẹ́ kí n wọlé láìtíì wẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Òfin méjì ni Bàbá fún mi lọ́jọ́ kìíní yẹn.

Èkíní ni pé lọ́sẹ̀ méjì méjì, a gbọ́dọ̀ gbé náílọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kúrò níbi tó wà, ká gbé e síbòmíràn. Ṣíṣí nídìí là ń pè é. Igi kò mọ̀ pé a fẹ́ ta òun. Bó bá jókòó síbì kan pẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ á lu ìdí náílọ́ọ̀nù, á wọlẹ̀ lọ, ó di onílé nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ kí igi rẹ̀ wọlẹ̀, àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òfin kejì ni mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Bàbá ní, "Jóṣúà, ewé tí ẹyẹ bá rán, má tú u. Igi tí ẹyẹ bá yé sí, ó ti di ti ẹyẹ títí ọmọ á fi fò. A kì í ṣí i nídìí, a kì í tà á."

Orúkọ tí ẹyẹ náà ń jẹ́ gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Télọ̀ ni Bàbá ń pè é. Gbogbo ara rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, apá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ìrù rẹ̀ kúrú, ó sì máa ń nà án sókè bí ẹni tó ń bínú. Kì í gun òkè igi. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, nínú pàǹtírí ewé àti àárín igi kéékèèké, níbi tó ti ń ṣa kòkòrò, aláǹtakùn, àti èsúnsún tí òjò bá ti já ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ má fojú kàn án. Ohùn méjì ló ní. Nígbà mìíràn á ké bí òkúta méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra, kọ̀ kọ̀ kọ̀, láàárọ̀ kùtù tí orí èèyàn ò tíì pé. Bí ẹ bá sì sún mọ́ ilé rẹ̀, á ké bí ọmọ ewúrẹ́.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, mi ò lè bú u. Á fi ẹnu lu etí ewé ní ihò wẹ́wẹ́, á ti òwú aláǹtakùn gba inú ihò náà kọjá, á fà á, ewé á sì pàdé. Á wá fi koríko wẹ́wẹ́ àti òwú igi àràbà tẹ́ inú rẹ̀. Kò gé ewé náà kúrò lára igi, nítorí náà, tútù ni yóò máa wà. Èèyàn á kọjá lára rẹ̀ nígbà ogún, kò ní mọ̀ pé ilé ni.

Ṣùgbọ́n ewé ta ló ń rán? Ewé tèmi! Igbó wà lẹ́yìn wa rẹpẹtẹ, ewé inú rẹ̀ kò lóǹkà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà wọ́n. Rárá o. Igi tí mo ti bomi rin, tí mo ti fún ní ilẹ̀ olóòórùn, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, òun ni Télọ̀ fẹ́. Oníbàárà á dé, á wo ewé tó ká kò, á ní, "Bàbá, àrùn wà lára èyí." Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kì í ṣe àrùn, pé ayálégbé ni?

Nítorí igbe rẹ̀ náà ni Alhája Mútíà ṣe fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Ìyá yìí ń ta tòmátò ní Máìlì Twelve, òpópónà ẹ̀yìn wa ni ilé wọn wà. Ọmọ ewúrẹ́ wọn sọnù. Wọ́n ń wá a bọ̀, ni Télọ̀ bá ké nínú igbó mi.

Wọ́n so ìborùn mọ́ ìbàdí. "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ mú ewúrẹ́ mi jáde."

"Alhája, kò sí ewúrẹ́ níbí. Ẹyẹ ni."

Ẹyẹ ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Ẹyẹ! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará àdúgbò! Ewúrẹ́ ń jẹ́rìí ara rẹ̀, Bàbá Bọ́sẹ̀ ní ẹyẹ ni!"

Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti rá wọ inú igbó. Wọ́n lọ sápá ọ̀tún, ohùn náà wá láti apá òsì. Wọ́n yí sósì, ó bọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n jáde, èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn láti òkè délẹ̀, kò sí ewúrẹ́ lọ́wọ́ wọn, Bàbá Sàlámì sì ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nírọ̀lẹ́, wọ́n rí ewúrẹ́ náà lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ tòmátò nílé wọn, ó ń sùn. Alhája kò tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ tòmátò jíjẹrà méjì ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n fi po ilẹ̀. Mo gbà á bí ẹ̀bẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ogún igi. Nígbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ àwọn èèyàn, Bàbá Sàlámì sì ti fi ọgbà náà lé mi lọ́wọ́ nítorí eékún tó ń dùn wọ́n. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í wá jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn. Ìyá kan wá láti Gbàgádà, ó ń kọ́ ilé ìwé tuntun. Mummy ni gbogbo ayé ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè dàgbà jù ú lọ. Ogún igi furúùtù ló fẹ́, mẹ́wàá lápá ọ̀tún ọ̀nà tó wọ ilé ìwé, mẹ́wàá lápá òsì, kí gíga wọn dọ́gba.

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó gba oorun lójú mi. Ó ní, "Bàbá Olódòdó, tí iṣẹ́ yìí bá rí bí mo ṣe fẹ́, ẹ̀yin lẹ máa máa bójú tó gbogbo ọgbà ilé ìwé mi. Ẹ ò ní jókòó sínú oòrùn etí títì mọ́."

Ọgbà tó ní fẹ́ǹsì! Omi ẹ̀rọ tí èèyàn kàn máa ṣí! Yàrá tí mo lè kó irinṣẹ́ sí! Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀yìn ń dùn mí, odò ni mo ti ń pọn omi. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò lè pa á mọ́ra. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ti mọ̀ pé ọkọ òun ti di ọ̀gá ọgbà ní Gbàgádà.

Mẹ́rìnlélógún ni mo tọ́jú, kí n lè rí fi dípò bí díẹ̀ bá bàjẹ́. Kòkòrò jẹ méjì, ẹnì kan fi ọkọ̀ tẹ ọ̀kan, ewúrẹ́ Alhája jẹ ìkẹrin. Ewúrẹ́ gidi lọ́tẹ̀ yìí. Ó ku ogún géérégé.

Ẹ wá padà síbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Mo dìde, mo lọ bá Bàbá lórí bẹ́ńṣì.

"Bàbá, Télọ̀ ti yé sínú ọ̀kan."

Wọn ò gbójú sókè. "Ó ti di tiẹ̀ nìyẹn."

"Bàbá, mo ti tà á!"

"O tà á? Ṣé o bi onílé kó o tó tà á?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ló wà lórí igi yìí. Ẹyin mẹ́ta péré ni. Mo lè rọra gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Gbàgádà."

"Ìyá á tẹ̀ lé e dé Gbàgádà? Á wọ bọ́ọ̀sì?"

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó panu mọ́. Mo padà síbi igi náà, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di náílọ́ọ̀nù mú. Ká má parọ́, mo fẹ́ gbé e. Bàbá kò dìde, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí ní ìbéèrè.

"Jóṣúà, ta ló ń bá ọ ṣa kòkòrò lára igi láti ọjọ́ tó o ti débí?"

"Ẹyẹ ni, sà."

"Kí lo fi ń san án?"

"Mi ò san án ní nǹkan kan, sà."

"Wàá san án lónìí."

Ọwọ́ mi tú. Mo bínú débi pé mo ta garawa omi nípàá. Ṣùgbọ́n mi ò gbé igi náà.

Mo kó mọ́kàndínlógún lọ sí Gbàgádà, mo sì fi kékeré kan tó dé ìbàdí mi dí àlàfo tó kù. Mummy rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúró níbi kékeré náà.

"Bàbá Olódòdó, kí lèyí?"

Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni etí èmi gan-an ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gọ̀ tó.

Ó ní, "Ẹyẹ. Ṣé ẹyẹ ni ọ̀gá yín?"

"Rárá, Mummy. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, màá gbé e wá fúnra mi."

"Lọ́la làwọn òbí ń bọ̀! Ẹ wo ọ̀nà mi, ó dà bí ẹnu tí eyín rẹ̀ kán. Kí n wá sọ fún wọn pé ẹyẹ ni kò jẹ́ kí igi pé?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti pe ọkùnrin mìíràn tó ń ta igi ní tòsí ibẹ̀. Ọkùnrin náà gbé igi kan wá. Òun náà ló gba iṣẹ́ ọgbà.

Ìyá Bọ́sẹ̀ gbọ́, ó jókòó. "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ wojú mi. Nítorí ẹyẹ?"

"Nítorí ẹyẹ."

"Ẹyẹ tí a ò tilẹ̀ lè fi se ọbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, mo di amí. Mo sọ fún ara mi pé ó kéré tán, màá rí ohun tí mo rà. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wo ilé Télọ̀ láti òkèèrè. Akọ ń ṣọ́ ọ̀nà, abo ń sàba. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo rí ọmọ kan nínú ilé. Méjì tó kù? Ọ̀kan já sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo ẹyin rẹ̀, èèrà ti bò ó. Ìkejì, ẹyin tí kò tíì là, ó wà lórí ilẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù. Mo fẹ̀sùn kan alángbá. Mo lé gbogbo alángbá àdúgbò náà.

Ọmọ tó ṣẹ́ kù ń dàgbà. Ó ń dàgbà jù. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò fi gbà sínú ilé mọ́, ojú ibi tí Télọ̀ fi òwú rán bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Télọ̀ àti aya rẹ̀ ń sáré láti ojúmọ́ dé alẹ́, kòkòrò lẹ́nu wọn, ọmọ ń jẹ, ọmọ ń pariwo. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìyá tó dúró lé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ kó tó lè rí ọ̀nà fún un lóúnjẹ. Mo pe Bàbá. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wá, wọ́n wò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Jóṣúà, èyí kì í ṣe ọmọ Télọ̀."

"Ọmọ ta ni?"

"Ẹyẹ kan wà tí akọ rẹ̀ ń dán yinrinyinrin bí ẹ̀yìn eṣinṣin. Kì í kọ́lé. Abo rẹ̀ máa ń ṣọ́ ìgbà tí onílé bá jáde, á sáré yé ẹyin tirẹ̀ síbẹ̀, á lọ. Bí ọmọ yẹn bá ti là, kó tó lajú pàápàá, á fi ẹ̀yìn ti àwọn ọmọ onílé jáde. Alángbá tó o lé, o jẹ wọ́n ní gbèsè ẹ̀bẹ̀."

Mo dúró bí òpó. Mo ti pàdánù ọgbà oní-fẹ́ǹsì. Mo ti pàdánù omi ẹ̀rọ. Mo ti di ẹni tí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ń fi ojú àánú wò. Ẹyẹ tí mo torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ara rẹ̀ ló ń bọ́!

Mo ní, "Bàbá, ẹyẹ yìí ya òmùgọ̀."

Bàbá nu ojú. "Ó rí ẹnu tó là, ó fi oúnjẹ sí i. Ìwọ wá ń bá a jà."

Ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ yẹn fò lọ, tí kò sì dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ gbé igi mi. Mo rò pé bí mo bá gbé e dé Gbàgádà, tí mo bẹ̀bẹ̀ dáadáa, bóyá Mummy á yí ọkàn padà. Mo di náílọ́ọ̀nù mú, mo gbé e. Kò mì. Mo tún gbé e. Àṣé láàárín gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mi ò fi ṣí i nídìí yẹn, òjò rọ̀, gbòǹgbò ti lu ìdí náílọ́ọ̀nù, ó ti wọlẹ̀ lọ. Èmi Jóṣúà, tí mo ti ń fi àwọn mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́! Mo lọ mú àdá láti gé e. Mo gbé àdá sókè, mo ronú pé igi tí a gé gbòǹgbò rẹ̀ lè rọ dé Gbàgádà, mo ju àdá sílẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti sú mi. Mo fi abẹ ya náílọ́ọ̀nù náà kúrò lára rẹ̀, mo ní kó máa gbé ibẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Sàlámì fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run. Igi náà ga, ó fẹ apá, ó bo bẹ́ńṣì wọn. Èmi tí mi ò ní òrùlé rí ní etí títì di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìbòòji. Oníbàárà tó bá ń kọjá nínú oòrùn á yà síbẹ̀ kí ara lè tù ú, kó tó lọ, á ra nǹkan. Bí mo bá sọ òótọ́, igi kan ṣoṣo tí mi ò rí tà ni mo jókòó sábẹ́ rẹ̀ ta gbogbo ìyókù, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọdọọdún ni Télọ̀ sì ń padà wá rán ewé mi. Ọdọọdún náà ni mò ń bú u.

Nígbà tí ó tó bí ọdún mẹ́fà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró sábẹ́ igi náà. Mummy ló bọ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ òdòdó fún ẹ̀ka ilé ìwé tuntun tó fẹ́ ṣí ní Ìṣẹ̀rì. Kò dá mi mọ̀. Ó gbójú sókè wo igi, ó fọwọ́ ra igi náà lára.

"Bàbá, irú èyí gan-an ni mo fẹ́. Ẹ ò lè bá mi hú u?"

"Mummy, tiyín ni. Òun ló yẹ kó mú tiyín pé ogún."

"Ogún kí ni?"

Ó ti gbàgbé! Ohun tó gba oorun lójú mi fún odidi ọdún kan, ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mo la ẹnu láti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí ẹyin mẹ́ta, ni ohùn kan bá dún nínú igbó lẹ́yìn wa: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Mummy yíjú. "Háà, ẹ tún ń sin ewúrẹ́ níbí?"

Mo wo bẹ́ńṣì Bàbá, kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀.

Mo ní, "Rárá, Mummy. Alágbàṣe mi ni. Ó ń bèèrè owó iṣẹ́ rẹ̀."